Orúkọ Gómìnà Lára Àfòpiná

Nígbà tí a ń pín ẹrù Màmá Àgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ní kí n mú sányán wọn. Mo ní mi ò fẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì onímílíìkì, kò sì dán. Àbúrò mi ló mú un.

Mo rò pé òwú lásán ni. Àṣé ara àfòpiná ló ti wá! Kí wọ́n tó hu ìyẹ́, àwọn kòkòrò náà á kóra jọ sórí igi bí ìrà, wọ́n á jọ hun ilé kan ṣoṣo. Ilé yẹn ni wọ́n ń fi omi eérú sè, kí wọ́n tó ran án di òwú sányán. Tí wọ́n bá hùyẹ́, òmíràn á funfun, pẹ̀lú ilà búráùn lápá.

Ní 1887, Herbert Druce fi orúkọ Alfred Moloney sọ ọ̀kan nínú wọn. Moloney ni gómìnà Èkó nígbà náà, Marina níbí ló ń gbé. Anaphe moloneyi ni ìwé àtijọ́ ń pè é. Lónìí, àwọn onímọ̀ ti kó o lọ sí agboolé Epanaphe, ṣùgbọ́n moloneyi ò kúrò lára rẹ̀.

Àwọn tó ń wá a kiri igbó ńkọ́? Àwọn tó ń ran án? Kò sí orúkọ wọn níbẹ̀. Aṣọ nìkan ló kù.

Lánàá, mo pe àbúrò mi pé kó yá mi ní sányán yẹn.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ lẹ́ ò fẹ́?"