"A Dúpẹ́" Lọ́wọ́ Ta?

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1956, ọkùnrin kan tí ṣòkòtò péńpé kákí kì í wọ́n nídìí rẹ̀ ṣí ilé ẹ̀kọ́ girama kan sí Ìkẹnnẹ́, nílẹ̀ Rẹ́mọ. Mayflower ló sọ ọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń roko, wọ́n ń fọwọ́ ara wọn mọlé, ìyẹn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ya ará ìlú lẹ́nu. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé bí agogo òwúrọ̀ bá dún, kò sí orin ìyìn, kò sí Bíbélì kíkà, kò sí ẹni tí yóò ní kí àwọn ọmọ dijú. Nígbà náà, ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì kò tíì pínyà. Ìjọ ló gbé ìwé wá, ìjọ ló kọ́ kíláàsì, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n fẹ́ fi í sílé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, tí wọ́n fún un lórúkọ tí ìyá rẹ̀ àgbà kò lè pè.

Táí Ṣólàrín lorúkọ ọkùnrin náà, ìbejì ni, ọmọ Ìkẹnnẹ́ gan-an. Kò gba Ọlọ́run gbọ́, kò sì fi bò. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń sọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn pé iṣẹ́ ọwọ́ ni yóò tún ilẹ̀ yìí ṣe, kì í ṣe ìkúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àjèjì sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wesley College ní Ìbàdàn, níbi tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ń kọ́ àwọn tíṣà, ló ti kàwé. Nígbà ogun Hitler, ó wọṣẹ́ ológun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogun parí, ó kàwé sí i ní Manchester àti Lọ́ńdọ̀nù. Ó padà wálé ní 1952, ó di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Molusi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ orin àti àdúrà òwúrọ̀ ti di àríyànjiyàn. Òun kò fẹ́ ẹ, àwọn ẹlòmíràn kò sì gbà kó lọ. Nígbà tó yá, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀.

Aláìgbàgbọ́ ni wọ́n ń pè é. Àwọn tínú ń bí jù bẹ́ẹ̀ lọ á ní kèfèrí ni.

Ẹ jẹ́ ká yẹ àwọn orúkọ méjèèjì yìí wò díẹ̀. "Aláìgbàgbọ́" dà bí "aláìníyàá": ohun tí ènìyàn kò ní ni wọ́n fi ń pè é. Èdè wa kò tíì wá orúkọ fún ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní. "Kèfèrí" ní tirẹ̀ gba ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí wọlé, àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sì mú un, wọ́n fi ń pe gbogbo orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe Júù. Tí a bá fẹ́ tẹ̀ lé ìwé náà bó ṣe wà, kèfèrí ni díákónì tó ń bú Ṣólàrín pẹ̀lú.

Ìbéèrè tí àwọn onígbàgbọ́ sábà máa ń béèrè ni pé, bí ènìyàn kò bá gbà gbọ́ mọ́, kí ló dé tí kò kúkú jókòó sílé rẹ̀ jẹ́ẹ́? Ẹni tí kò jẹ iyán, kí ló wá ń bá olódó jà fún? Ìbéèrè náà dára. Ìdáhùn rẹ̀ sì hàn bí a bá wo irú àwọn tó ń bínú. Ẹni tí kò fìgbà kan rí jókòó ní kíláàsì ọjọ́ ìsinmi máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá bí ẹni gba iwájú báńkì kọjá ni. Ẹni tí inú ń bí ni ọmọ ẹgbẹ́ akọrin, ọmọ àlùfáà, ọmọ tó mọ Sáàmù lórí kó tó mọ ìsọdipúpọ̀. Ìjà ọmọ bàbá ni, kì í ṣe ìjà aládùúgbò.

Charles Bradlaugh jẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní 1833 ni wọ́n bí i sí ìhà ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, sínú ilé tálákà. Kò tíì pé ogún ọdún tó fi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní Bethnal Green. Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá gbọ́wọ́ lé àwọn ọ̀dọ́ lórí, àlùfáà ìjọ sì ní kí Bradlaugh múra sílẹ̀. Ọmọ náà múra lóòótọ́. Ó mú Ìlànà 39 ti ìjọ Áńgílíkà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì rí i pé wọn kò bára wọn mu níbi tó fẹ́ kí wọ́n ti bára mu. Ó wá kọ lẹ́tà sí àlùfáà pé kó jọ̀ọ́, kó la òun lọ́yẹ̀.

Àlàyé kò dé. Ohun tó dé ni pé àlùfáà kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ pé ìbéèrè aláìgbàgbọ́ ni ọmọ rẹ̀ ń béèrè, ó sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ fún oṣù mẹ́ta. Ní gbogbo àsìkò yẹn, Bradlaugh ṣì gba Ọlọ́run gbọ́. Wọ́n fi orúkọ náà pè é kó tó di tirẹ̀. Oṣù mẹ́ta yẹn ló fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí pápá ìta gbangba tí àwọn tí kò gbà gbọ́ ti ń jiyàn, kò sì pẹ́ tó fi kúrò nílé bàbá rẹ̀ pátápátá. Ní 1866, ó dá ẹgbẹ́ National Secular Society sílẹ̀. Ní 1880, àwọn ará Northampton dìbò yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbúra lórúkọ Ọlọ́run di wàhálà, wọ́n tì í mọ́lé nínú ilé ìṣọ́ aago ńlá ilé ìgbìmọ̀ náà, wọ́n ń lé e jáde, àwọn ará Northampton ń tún un yàn. Ọdún mẹ́fà gbáko kó tó rí àga rẹ̀ jókòó lé. Ní 1888, òfin tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè fi ìjẹ́jẹ̀ẹ́ rọ́pò ìbúra jáde, òun ló sì ti í lẹ́yìn. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo èyí má ṣẹlẹ̀ ká ní àlùfáà kan jókòó pẹ̀lú ọmọdékùnrin kan fún ìrọ̀lẹ́ kan péré.

Ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti jẹ́ olórin débi pé ní 1922, ó gba Lọ́ńdọ̀nù lọ, ó kọ orin ẹ̀sìn Yorùbá tó lé ní 40 sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ọmọ ọmọ rẹ̀ náà di olórin. Fẹlá ni. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ, ọmọ ọmọ yìí gbé Shuffering and Shmiling jáde, níbi tó ti fi àwọn tó ń jìyà láyé ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé wọ́n ṣèlérí ọ̀run fún wọn. Ó kan Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ pọ̀. Ó ti yọ Ransome kúrò lára orúkọ rẹ̀ kó tó dìgbà náà, ó ní orúkọ ẹrú ni. Ẹ̀wẹ̀, Wọlé Ṣóyínká, mọ̀lẹ́bí wọn, dàgbà sínú ọgbà ìjọ ní Aké, níbi tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ St Peter's. Ní 1960, eré rẹ̀ nípa Brother Jero, wòlíì etíkun tó ń fi ìran rírí jẹun, jáde lórí ìtàgé. Ní 2014, àjọ àgbáyé àwọn humanist, àwọn tó fi ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn ṣáájú láìfi ti Ọlọ́run ṣe, fún un ní àmì ẹ̀yẹ.

Ṣùgbọ́n kò yẹ ká kó àwọn méjèèjì mọ́ Ṣólàrín. Fẹlá kọ́ ojúbọ sí Shrine, ilé ijó rẹ̀. Ògún kò sì kúrò lẹ́nu Ṣóyínká títí dòní. Ilé àlùfáà ni wọ́n bínú kúrò, wọn kò bínú kúrò lọ́dọ̀ gbogbo òrìṣà. Yorùbá kúkú ní ọ̀rọ̀ fún irú ìpinnu yẹn, àwọn aláwo gan-an ló ń pa á lówe: òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò sọ pé òrìṣà kò sí. Ìwé àdéhùn ló ń mú jáde.

Nígbà mìíràn, ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn náà burú ju ẹ̀tàn wòlíì etíkun lọ. Ní Tuam, ìlú kékeré kan ní ìwọ̀ oòrùn Ireland, àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà ń bójú tó ilé kan láti 1925 sí 1961, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọbìnrin tó lóyún láìlọ́kọ sí. Catherine Corless, obìnrin àdúgbò tó ń tọpinpin ìtàn ìlú náà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ara rẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí ikú. Ó gbà á títí ó fi di ti ọmọ 796 tó kú nínú ilé yẹn, kò sì rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé wọ́n sin wọ́n. Ní 2017, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé egungun ọmọdé wà lábẹ́ ilẹ̀ ọgbà náà, nínú àwọn yàrá abẹ́ ilẹ̀ tó jọ ti ibi ìgbẹ́ àti omi ìdọ̀tí. Ní ìkànìyàn 2011, ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún ará Ireland ló pe ara wọn ní Àgùdà. Ní 2022, ó ti wálẹ̀ sí 69, àwọn tó kọ ọ́ pé àwọn kò ní ẹ̀sìn sì lé ní 736,000. Tuam nìkan kọ́ ló fà á. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró níwájú ìyá tó bímọ sílé yẹn, tí yóò ní kó má bínú?

Lọ́dọ̀ tiwa, ohun kéékèèké ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìṣọ́ òru tó kọjú sí fèrèsé aláìsàn. Ní 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́sálásí 20 pa nítorí ariwo. Ìdámẹ́wàá tún wà ńbẹ̀: nígbà tí Daddy Freeze, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ní 2017 pé kí àwọn pásítọ̀ fi ibi tí wọ́n ti rí i han òun, àwọn kan ti kà á mọ́ àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, bẹ́ẹ̀ Bíbélì ló fi ń bá wọn jà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ńlá. Ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, àwọn tó ń pera wọn ní wòlíì ń pe ọmọdé lájẹ̀ẹ́, wọ́n ń gbowó ìdáǹdè lọ́wọ́ òbí, títí ìjọba ibẹ̀ fi ṣe òfin ní 2008 pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Leo Igwe, tó ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Àgùdà rí kó tó dá ẹgbẹ́ àwọn humanist Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1996, pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí ní Calabar ní 2009. Àwọn ọmọ ìjọ kan ya wọlé, wọ́n da ìpàdé rú, wọ́n lu Igwe fúnra rẹ̀.

Ibi tí ó yẹ ká ti ṣọ́ra nìyí. Gbogbo ìtàn yìí lè mú kó dà bíi pé ẹni tó kúrò, ẹnì kan ló ṣẹ̀ ẹ́. Àwọn pásítọ̀ fẹ́ràn ìyẹn: "Kí ni wọ́n fi ṣe ọ́ nínú ìjọ?" Ìbéèrè náà ní àánú nínú, ó sì ní àrífín nínú, nítorí ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ọgbẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọpọlọ. Àwọn kan wà tí ẹnikẹ́ni kò ṣẹ̀. Ìfẹ́ ló gbé wọn jáde. Charles Darwin pàdánù Annie, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́wàá, ní 1851. Síbẹ̀, nígbà tó ń kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó, ohun tó kọ ìbínú sí ni ẹ̀kọ́ pé àwọn tí kò gbà gbọ́, tí bàbá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lára wọn, yóò máa joró títí láé. Ìyàwó rẹ̀, Emma, kò jẹ́ kí gbólóhùn náà jáde nígbà tí wọ́n tẹ ìwé náà ní 1887. Ọdún 1958 ni ọmọ ọmọ wọn, Nora Barlow, tó dá a padà síbẹ̀.

Ilé Yorùbá wo ni ìbéèrè Darwin kò sí? Bàbá àgbà tó kú kí ìhìn rere tó dé ńkọ́? Èyí tí wọ́n ń kì ní oríkì láàárọ̀, tí wọ́n ń wàásù iná rẹ̀ lọ́sàn-án?

Ohun kan tún wà tí àwọn oníbìínú kì í fẹ́ gbọ́. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ìjọ, ìjọ ló fún wọn. Lẹ́tà tí Ṣólàrín fi ń kọ̀wé, ọwọ́ míṣọ́n ló ti jáde. Kódà orúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, Mayflower, ọkọ̀ ojú omi tó gbé àwọn onígbàgbọ́ paraku gba Amẹ́ríkà lọ ní 1620 ló jẹ́, àwọn tó ń wá ibi tí wọn yóò ti sin Ọlọ́run bó ṣe wù wọ́n. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1964, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń ṣàdúrà ọdún tuntun fún ara wọn, Ṣólàrín kọ tirẹ̀ sínú Daily Times: kí ọ̀nà yín le. Ẹ pè é ní èpè o, ẹ pè é ní ìwàásù o, ohùn orí pẹpẹ kò kúrò nínú rẹ̀.

Àwọn tó ń kúrò báyìí kò láriwo tó bẹ́ẹ̀. Ní Southwark, ìhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tí Peckham wà nínú rẹ̀, ìwádìí Yunifásítì Roehampton tó jáde ní 2013 ka ìjọ aláwọ̀ dúdú 240. Yorùbá pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú láàárín orílẹ̀-èdè tí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún, ní England àti Wales, kọ ọ́ ní ìkànìyàn 2021 pé àwọn kò ní ẹ̀sìn kankan. Àwọn kan nínú wọn náà ti kúrò. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Bí wọ́n bá fẹ́ sọ, èdè wo ni wọn yóò fi sọ ọ́? Ó dàárọ̀ kò pé láìjẹ́ pé Ọlọ́run jí wa re. Níbi ìsọmọlórúkọ, ta ló máa di ẹnu mọ́ àmín? Ìyá á pe fóònù láti Ìjẹ̀bú lálẹ́ Sátidé, á gbàdúrà gígùn lórí iṣẹ́, lórí ọkọ tàbí aya tí kò tíì dé, lórí ọ̀tá tí kò lórúkọ. Ọmọ á gbé fóònù kúrò létí díẹ̀, á gbé e padà nígbà tó yẹ, á ní, "Àmín, Màámi." Ìyá á wá béèrè pé ṣé àlàáfíà ló wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa.

"A dúpẹ́, mà."

Ìyá kò ní béèrè pé lọ́wọ́ ta.