Ilé Kíkọ́ àti Ọ̀nà Omi

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa ni ó ní in lọ́kàn láti kọ́ ilé ti ara wọn, àwọn mìíràn sì ti ra ilẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ń fi owó oṣù ra búlọ́ọ̀kù jọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jókòó láti ronú, iye yàrá ni ọkàn rẹ̀ ń lọ sí, àti irú páànù tí yóò fi bo òrùlé, àti ọ̀dà tí yóò fi kun ara ògiri. Ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ náà àti ọ̀nà tí omi òjò ń gbà kọjá lórí rẹ̀ kì í sábà wọ inú ìrònú yìí. Níti ọ́fíìsì ìjọba tí ń fi àṣẹ sí àwòrán ilé, a kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí. Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ tọkọtaya tí ó kọ́ ilé kékeré kan sí ẹ̀yìn ìlú Ìbàdàn. Ọdún márùn-ún gbáko ni ó gbà wá, ìdá méjì nínú mẹ́ta ìdààmú wa ni ó sì ti kọjá kí ògiri tó ga dé orúnkún. Ohun tí a rí nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀, omi, àti àṣẹ ìjọba ni a fẹ́ sọ, nítorí àwọn tí kò tíì gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún ni wọ́n kọ́kọ́ mú wa lọ wo ilẹ̀ náà, nígbà ọyẹ́. Ilẹ̀ le bí awọ ìlù, ó dagẹ̀ẹ́rẹ́ láti ojú títì lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí odò kékeré kan wà tí omi inú rẹ̀ kò mu ni dé ọrùn ẹsẹ̀. Pulọ́ọ̀tì kan ni, 60 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti 120 ní gígùn, èyí tí í ṣe nǹkan bí mítà 18 ní mítà 36. Owó rẹ̀ kéré sí ti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní àdúgbò náà, àwọn tí ń tà á sì ń kán wa lójú pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá sanwó ní ọ̀la. Bàbá àgbàlagbà kan tí ń dáko nítòsí ni ó pè wá sẹ́yìn, tí ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe san owó ilẹ̀ tí òjò kò tíì rọ̀ sí lójú yín.” A gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, a dúró. Ẹlòmíràn tí ń bọ̀ ní ọ̀la kò dé.

Nígbà tí ó di oṣù kẹfà, ìgbàkúùgbà tí òjò ńlá bá rọ̀, a ó wọ bàtà rọ́bà, a ó sì lọ dúró síbẹ̀ lábẹ́ agbòjò. Omi ojú títì ń ya wọ igun òkè, ó ń gba àárín ilẹ̀ kọjá bí ẹni tí ó mọ ọ̀nà ilé rẹ̀, ó sì ń bọ́ sínú odò. Odò tí kò mu ni dé ọrùn ẹsẹ̀ nígbà ọyẹ́ ti mu ni dé ìbàdí. Nínú igbó etí rẹ̀ ni a rí ọ̀rá àti pàǹtí tí ó so kọ́ sára ẹ̀ka igi, lókè ibi tí omi wà ní ọjọ́ náà; ibi tí omi ti dé rí nìyẹn, ẹlẹ́rìí tí a kò lè fún ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Bàbá náà tún fi kókò hàn wá. Ó ní níbi tí a bá ti rí i tí ó ń rúwé láìsí ẹni tí ó gbìn ín, omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀. A fi èèkàn sàmì sí gbogbo rẹ̀, a tún owó ilẹ̀ náà ná pẹ̀lú àwọn tí ó ni ín, a sì rà á.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ará Ìbàdàn kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ òwe yìí fún un. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀, tí ó gbé ilé àti ọkọ̀ àti ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún dé, àwọn tí ó kú sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Kí ẹ kíyè sí i pé ìparí oṣù kẹjọ ni méjèèjì, nígbà tí ìsinmi òjò ń lọ sópin, tí ènìyàn sì lè rò pé ọdún ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ìlú olókè ni Ìbàdàn. Nígbà tí àwọn òkè náà ṣì jẹ́ igbó, ewé a máa gba òjò, gbòǹgbò a máa mu díẹ̀, ilẹ̀ a sì máa fa ìyókù. Páànù kò mu omi, kankéré kò mu omi. Gbogbo ohun tí ó bá rọ̀ sórí wọn ni wọ́n ń dà lẹ́ẹ̀kan náà sọ́dọ̀ ẹni tí ó wà nísàlẹ̀.

Òfin ìlànà ilé kíkọ́ kì í ṣe ohun titun ní ilẹ̀ yìí. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1924, ni a dá ìgbìmọ̀ tí ń tún ìlú náà ṣe sílẹ̀ ní 1928. Òfin ìlànà ìlú àti ìgbèríko jáde ní 1946, òmíràn jáde ní 1992, òfin ilẹ̀ ti 1978 sì ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà kí ó tó di ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í mọ bí òfin ti wúwo tó títí yóò fi fọwọ́ kan ilẹ̀ tirẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n rán wá láti ọ́fíìsì mú okùn ìwọ̀n lọ́wọ́. Ó wọ̀n láti etí odò wá sókè, ó sì kan èèkàn tirẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọjá ti àwa sókè dáadáa. Ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ tí a san owó rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ ru ilé. A ní kò burú, a ó sún ilé náà sí ìhà títì. Ó ní títì pẹ̀lú ní ààyè tirẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó sì kan èèkàn mìíràn níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan bínú nígbà tí ó gbọ́. Ó ní, “Ṣé ìjọba bá yín dá sí owó ilẹ̀ ni?” Àwọn mìíràn gbà wá nímọ̀ràn pé kí a kọ́ ọ tán ná, bí wọ́n bá dé kí a máa bẹ̀bẹ̀. Yàrá mẹ́rin àti ṣọ́ọ̀bù kan ni ó wà nínú àwòrán wa. Ṣọ́ọ̀bù ni ìyàwó nínú àwa méjèèjì ti fọkàn sí láti ìgbà tí a ti gbé ara wa níyàwó, ibi tí yóò ti máa ta aṣọ láìsan owó ilé fún ẹnikẹ́ni. Yàrá kẹrin jẹ́ ti ìyá wa, tí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Ààyè tí ó kù láàárín èèkàn méjèèjì kò gba ṣọ́ọ̀bù àti yàrá pọ̀. Alẹ́ mẹ́ta ni a fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, gbogbo ohun tí a sì bá ara wa sọ kò ṣe é tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Ṣọ́ọ̀bù ni a gé kúrò.

A kò bá òfin náà jà, nítorí a ti rí ọ̀rá tí ó so kọ́ sára igi. Ẹjọ́ tí a ní ni pé kò sí ẹni tí ń sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún olùrà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé àwòrán ilẹ̀ tí àwọn tí ó tà á fi hàn wá fi igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn, kò fi odò hàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ lónìí, kí ó mú irú ìwé yìí tọ ọ́fíìsì lọ kí ó tó sanwó, kí ó sì béèrè níbẹ̀ ibi tí ilé lè dúró sí nínú rẹ̀.

Kí a tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, a gbẹ́ ihò méjì fún ìdánwò, ọ̀kan ní apá òkè, ọ̀kan ní apá ìsàlẹ̀. Ní òkè, ilẹ̀ pupa tí ó ní òkúta wẹ́wẹ́ ni a bá, èyí sì dára. Ní ìsàlẹ̀, amọ̀ ni. Amọ̀ a máa wú nígbà òjò, a sì máa súnkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìpìlẹ̀ tí kò bá jìn yóò máa bá a gòkè sọ̀kalẹ̀ lọ́dọọdún, títí ògiri yóò fi sán láti igun fèrèsé. A pọn omi kún ihò ìsàlẹ̀ náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń wò wá. Ọ̀gá bíríkìlà wa, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ní ẹsẹ̀ bàtà méjì tó. Ẹnjiníà tí a mú wá wò ó ní kí a gbẹ́ ẹ títí a ó fi kan ilẹ̀ líle, kí ẹsẹ̀ ìpìlẹ̀ fẹ̀ níbi tí amọ̀ wà, kí a sì tẹ́ irin sínú kankéré rẹ̀. Ti ẹnjiníà ni a ṣe. Owó tí ì bá gbé ilé dé lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì wọ inú ilẹ̀ lọ, àwọn tí ń kọjá lójú títì sì ń béèrè bóyá abẹ́ ilẹ̀ ni a fẹ́ máa gbé.

Níti ilẹ̀ pupa tí a fi ń dí inú ìpìlẹ̀, ìpele ní ìpele ni kí a dà á, kí ìpele kan má nípọn ju inṣì mẹ́fà lọ, kí a sì gún un le kí a tó da òmíràn lé e. Àwọn òṣìṣẹ́ kò fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Ohun tí ó wù wọ́n ni kí a da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí a sì bu omi wọ́n ọn. Ìyàwó gbé búlọ́ọ̀kù kan jókòó lé, ó ń ka ìpele. Lẹ́yìn èyí ni a tẹ́ ọ̀rá nínípọn tí kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin gòkè, tí a sì da jámáànì fulọ́ọ̀ lé e lórí, ó ga ju ojú títì lọ.

Ọ̀rọ̀ kànga fún wa ní ìṣirò kan tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìlera ni pé kí kànga àti ihò tí omi ilé ìyàgbẹ́ ń ṣàn sí jìnnà sí ara wọn tó mítà 30. Gígùn ilẹ̀ wa jẹ́ mítà 36, a sì ti gba mítà 12 nínú rẹ̀ fún odò. Ibo ni a ó ti rí 30 nínú 24? A kò gbẹ́ kànga rárá. A lọ bá àwọn ará òkè títì, a sì bá wọn dáwó sí omi ẹ̀rọ tí wọ́n gbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní kànga pàápàá gbọ́dọ̀ wo orí ògiri, nítorí kànga ìyá àgbà tí ó wà ní ọwọ́ òsì wa kò jìnnà sí ààlà. Nítorí èyí ni a ṣe gbẹ́ ihò tiwa sí ọwọ́ ọ̀tún pátápátá. Amọ̀ kì í tètè fa omi, nítorí náà ihò wa fẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ìyá àgbà yìí ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó ṣì wà ní etí wa títí di òní. Nígbà tí a ń mọ ògiri yí ọgbà ká, bíríkìlà fi ẹfun sàmì sí ibi mẹ́ta tí yóò lu ihò sí kí omi àgbàlá lè jáde. Ìhà ọ̀dọ̀ ìyá ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú sí, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti dagẹ̀ẹ́rẹ́ jù. Ìyá dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fọwọ́ kan ẹfun náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, omi tí ẹ fẹ́ lé jáde yìí, ibo ni kí èmi lé e sí?” A kò rí èsì fún un. Bíríkìlà fi omi fọ ẹfun náà nù.

Ilé mẹ́rin ni ó pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e. A pinnu láti la gọ́tà kan ṣoṣo gba ààlà láti ojú títì dé odò, kí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ó sì jìn ní méjì, kí gbogbo wa máa da omi sí i. Bàbá onílé tí ó wà ní òkè pátápátá kọ̀ láti dáwó. Ó ní omi kì í dé ọ̀dọ̀ òun. Òótọ́ ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ti ń bọ̀. Ó fún wa ní yanrìn ọkọ̀ kan nígbẹ̀yìn, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Rọ́bà gígùn tí a bu omi sí ni bíríkìlà fi wọn ìdagẹ̀ẹ́rẹ́ gọ́tà náà, nítorí gọ́tà tí ó bá tẹ́jú kò ju ibi tí ẹ̀fọn ń pa ẹyin sí lọ. A fi pẹpẹ kankéré bò ó ní ẹnu ọ̀nà nìkan. Ibi tí ó kù ṣí sílẹ̀, kí a lè máa rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan ń kó iyẹ̀pẹ̀ kúrò ní iwájú tirẹ̀, ìyá sì ń gbé àga jáde láti wo ẹni tí kò wá.

Ìdá kan nínú mẹ́ta tí odò gbà lọ́wọ́ wa kò ṣòfò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewédú ni a gbìn síbẹ̀, a kò sì da kankéré sí ilẹ̀ náà rárá. Ní oṣù kẹsàn-án tí ó kọjá, omi bo àwọn ewédú, ó dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó dúró ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ sí ògiri yàrá ìyá wa títí di àfẹ̀mọ́júmọ́, lẹ́yìn náà ni ó fà sẹ́yìn. Ìyàwó ń ta aṣọ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tí a háyà nítòsí ọjà, ó sì ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún.

Ní òdìkejì odò, ọkùnrin kan ti kó búlọ́ọ̀kù jọ. Ó ti kan èèkàn sí ibi tí kò ju ẹsẹ̀ mẹ́fà sí etí omi, ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó sì wà báyìí. A ti lọ kí i, a ti sọ ibi tí omi dé fún un, a sì fi àpá rẹ̀ hàn án lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa. Ó fi sùúrù gbọ́ wa, ó dúpẹ́, ó ní òun yóò rò ó.