Láti Ewékorò dé Ẹsẹ̀ Òkè Kamẹrúùnù

Ewékorò, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, ni mo kọ́kọ́ yà sí. Láti 1960 ni wọ́n ti ń fi òkúta ẹfun ibẹ̀ ṣe sìmẹ́ǹtì. Bàbá kan tó ti bá wọn wa òkúta rí fún mi ní èérún kan. Mo gbé awò sójú: ìkarahun wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, torí abẹ́ òkun nibẹ̀ ní ohun tó ju mílíọ̀nù 55 ọdún lọ sẹ́yìn.

Mo fi ọ̀bẹ ha á, ìyẹ̀fun sì bọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ìyẹ̀fun náà, ló bá ń hó ṣùùṣùù.

"Ọmọ mi, ṣé oògùn lo fi sí i ni?"

"Rárá o, Bàbá. Ọsàn lásán ni."

Afẹ́fẹ́ carbon dioxide tó wà nínú calcite, èròjà tó pọ̀ jù nínú òkúta ẹfun, ni ọsàn ń tú sílẹ̀. Àmọ́ híhó nìkan ò tó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí calcite ṣe pọ̀ tó yóò wọn ìyẹ̀fun náà, yóò dà á sínú ásíìdì títí tí kò fi ní hó mọ́, yóò sẹ́ ẹ, yóò sá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ gbẹ, yóò sì tún un wọ̀n. Amọ̀ àti iyanrìn ló sábà máa ń ṣẹ́kù. Èyí tó bómi lọ ni calcite. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí gan-an. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ iléèwé girama agbègbè yẹn ti fojú ara wọn rí i.

Nígbà tí mo dé Limbe ní Kamẹrúùnù, mo gba ọ̀nà Idenau lọ sí Bakingili, níbi tí òkúta yíyọ́ láti orí Òkè Kamẹrúùnù, òkè ayọnáyèéfín, ti ṣàn kọjá lórí títì ní 1999, tó sì dúró kó tó kan òkun. Ó dúdú, ó kún fún ihò tí gáàsì gbà jáde nígbà tó ṣì gbóná. Nínú awò, olivine aláwọ̀ ewé ń tàn bí ìgò bíà, augite dúdú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà mi nawọ́ sí àbàwọ́n funfun kan, ó ní ẹfun ni. Mo fún ọsàn sí i, kò hó. Mo ha èérún Ewékorò tó wà lápò mi, mo fún ọsàn kan náà sí i, ó hó. Lichen tó lẹ̀ mọ́ òkúta ni funfun ọ̀hún.

Ìyókù òkúta náà kúnná ju ohun tí awò ọwọ́ lè yà sọ́tọ̀. Wọ́n ní láti rẹ́ ẹ títí yóò fi fẹ́lẹ́ tó mílímítà 0.03, kí ìmọ́lẹ̀ lè là á kọjá lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ibẹ̀ ni feldspar ti ń hàn bí ọ̀pá tín-ín-rín. Kálísíọ́ọ̀mù wà nínú feldspar yìí àti nínú augite, bó ṣe wà nínú calcite Ewékorò. Ṣùgbọ́n sílíkà ló dè é mọ́ níhìn-ín, kò sí carbon dioxide kankan tí ọsàn máa tú sílẹ̀.