Ìlaròó sí Ayétòrò Lórí Alùpùpù

Alùpùpù méjì ni àwa àti àwọn ará ilé wa gùn láti Ìlaròó lọ sí Ayétòrò, kí a lè wo sinimá eré-ìje ọkọ̀ nílé àna wa. Eruku pupa bò wá. Ìyàwó wa kò yé ké pé, “Bàbá Délé, ẹ rọra o!”

Nínú sinimá náà ni a ti rí Andy Green, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó wa ọkọ̀ Thrust SSC ní aginjù Black Rock ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 15 oṣù October, 1997. Ó sá máìlì 763 ní wákàtí kan, ó yára ju ìró lọ! Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Kòtò ni tiwa.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, Délé bẹ̀ wá pé kí a sáré bíi Green. A sì gbọ́ tirẹ̀, ojú ń tì wá láti sọ ọ́. Bí a ti yí kọ́nà kan, ewúrẹ́ mẹ́ta dùbúlẹ̀ sáàárín títì. Ẹsẹ̀ bàtà méjì péré ni ó kù kí a tó dúró. Délé kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé ilé.