Ẹ Má Fi Táyà Yìnyín Rin Ọ̀nà Oòrùn!

Ọ̀rọ̀ táyà ni mo gbé wá lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé òun ò ní mọ́tò, pé ọ̀rọ̀ táyà ò kan òun. Ẹ ò ní mọ́tò, ṣé ẹ kì í wọ̀ ọ́ ni? Kí ló ń gbé ẹrù yín dé Ọ̀fà? Kí ló ń gbé yín padà sí Ilémọ̀nà nígbà tílẹ̀ bá ti ṣú? Ẹni tó bá jókòó sínú mọ́tò, orí táyà mẹ́rin ló jókòó lé. Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan sì ti fara kan títì, kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Orí àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin yẹn ni ẹ̀mí gbogbo èrò wà.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé táyà tó nípọn lè má dáa, táyà tó sì pọ̀ lè má wúlò. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ nílé wa ni mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ìyá mi ní mọ́tò Micra kékeré kan ní Ilémọ̀nà. Owó èlùbọ́ ló fi rà á, bùọ̀dá mi ló ń wà á. Láàárọ̀, á kó èlùbọ́ lọ sọ́jà Owódé ní Ọ̀fà. Tó bá já ẹrù tán, á máa kérò títí dalẹ́. Mọ́tò yìí ló ń bọ́ wa. Òun náà ló san owó ìdánwò tí mo fi jáde sẹ́kọ́ńdìrì.

Nígbà tí òjò ọdún 2023 ń kásẹ̀ nílẹ̀, táyà ẹ̀yìn méjèèjì ti pá kodoro. Àsìkò yẹn gan-an ló kan ìyá mi láti kó àjọ. Ó ti pinnu pé iṣu gbígbẹ lòun máa fowó náà rà kó tó wọ́n. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí kò ní táyà kò lè gbé èlùbọ́ rọjà, ni ìyá mi bá ní kí bùọ̀dá mi lọ wo táyà wá.

Bùọ̀dá mi délé pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ní òun ti rí ọ̀kan tó ń ta tòkúnbọ̀, iye tí táyà tuntun méjì ń lọ ni yóò fi fún wa ní mẹ́rin. Ó ní ojú táyà náà ṣì nípọn, ìlà rẹ̀ jìn, kò sí èyí tó pá nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ta ni kò ní í yọ̀ sí mẹ́rin lówó méjì? Ìyá mi ní kò burú, àmọ́ kó gbé ẹyọ kan wá ná, káwọn lọ fi han bàbá fọkanáísà wa. Bùọ̀dá mi fi fóònù rẹ̀ ṣe dógò lọ́dọ̀ onítáyà, ó gbé ẹyọ kan wá. Èmi náà tẹ̀ lé wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àgbà ò sí nílùú, ìlú bàjẹ́. Bàbá yìí ti ń lẹ táyà kí wọ́n tó bí mi. Ó yí táyà náà po bí ẹni ń wo iṣu kó tó nájà rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

“Ìyá elélùbọ́, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e wá. Táyà yìnyín lẹ fẹ́ rà yìí o.”

Bùọ̀dá mi ní, “Yìnyín bawo, Bàbá? Ṣé táyà kì í ṣe táyà ni?”

Bàbá pè wá súnmọ́. Ó fi ìka tọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà náà, a rí M+S tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n ṣe é fún ẹrẹ̀ àti yìnyín. Ó ní àwọn táyà mìíràn tí kì í ṣe ti òtútù nìkan máa ń ní M+S yìí náà, torí náà ká má tíì dájọ́. Ó tún fi àwòrán òkè olórí mẹ́ta kan hàn wá, tí nǹkan bí ìràwọ̀ wà nínú rẹ̀. Ó ní àmì yìnyín nìyẹn, táyà tó bá gbé e, ó gba òtútù ní tòótọ́. Lẹ́yìn náà ló ní ká wo ojú táyà gan-an. Yàtọ̀ sí ìlà ńláńlá, wọ́n fa ìlà wẹ́wẹ́ sí gbogbo ara rẹ̀ bí ẹni sín gbẹ́rẹ́. Gbẹ́rẹ́ yẹn ló fi ń di yìnyín mú. Ó ní òun ti rí òmíràn tó ní ihò róbótó róbótó lójú, tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti yọ ìṣó irin kúrò ni. Àwọn tó ń rìn lórí yìnyín líle ló ń kan ìṣó mọ́ táyà.

Ìyá mi bi í pé, “Tó bá lè gba yìnyín, kí ló dé tí kò ní lè gba títì tiwa?”

Bàbá ní, “Ẹ gbọ́ ná. Rọ́bà táyà tiwa dà bí epo pupa. Nínú ooru, ara rẹ̀ yá. Bí ọyẹ́ bá mú epo, kò ní í dì? Bẹ́ẹ̀ ni táyà tiwa ṣe ń le gbagidi nínú òtútù ìlú òyìnbó, tí kò ní í lè di ilẹ̀ mú. Ni wọ́n bá ṣe òmíràn tí rọ́bà rẹ̀ rọ̀, tó dà bí òrí. Ìyá elélùbọ́, tẹ́ ẹ bá gbé òrí sínú oòrùn ọ̀sán ní Owódé, kí ló máa ń dà?”

Ìyá mi ní, “Á yọ́.”

“Táyà ò ní í yọ́ bí òrí o, àmọ́ á rọ̀ jù. Tẹ́ ẹ bá tẹ búrékì, mọ́tò ò ní í tètè dúró. Tẹ́ ẹ bá kọ́ kọ́nà, á máa jó. Títì gbígbóná á sì jẹ ẹ́ tán kíákíá. Nípọn tí bùọ̀dá ń wò yẹn, kò ní í pẹ́ lójú ọ̀nà Ìlọrin.”

Bùọ̀dá mi ò gbà. Ó ní ṣé ọyẹ́ kì í mú ní Ilémọ̀nà ni, ṣebí ètè gbogbo wa ló ń bó? Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní ọyẹ́ tiwa, bó ti wù kó mú láàárọ̀, oòrùn ọ̀sán á lé e lọ.

Iṣẹ́ oníròyìn ni mo ń ṣe, mo sì wádìí ọ̀rọ̀ bàbá. Òótọ́ ló sọ. Ìgbà tí ojú ọjọ́ bá tutù tó ìwọ̀n 7 ti Sẹ́ńtígíréèdì sísàlẹ̀ ni táyà yìnyín ń ṣe dáadáa jù, òtútù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti wa níbí. Ní Sweden, òfin ní kí mọ́tò lo táyà òtútù láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, tí ojú ọ̀nà bá ti rí bẹ́ẹ̀. Jámánì náà mú òfin tirẹ̀ le lọ́dún 2010. Ní Austria, táyà òtútù tí ìlà rẹ̀ kò bá jìn tó mìlímítà 4 mọ́, òfin kò kà á sí táyà òtútù mọ́. Ṣé ẹ rí i báyìí? Táyà tí òyìnbó ju sílẹ̀ nígbà tí mìlímítà 4 ṣì kù, bó bá dé ọ̀dọ̀ wa, tí a fi wé èyí tó ti pá lẹ́sẹ̀ mọ́tò wa, ńṣe la ó máa pè é ní tuntun. Mọ́tò tòkúnbọ̀ mìíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé òun ló wọ̀ lẹ́sẹ̀ wá láti èbúté Kútọnù.

Ìjọba wa kò fẹ́ kí wọ́n kó táyà àlòkù wọlé. Ó wà nínú ìwé ohun tí àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù kà léèwọ̀, àyàfi ti ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá kan. Ṣùgbọ́n ó ń wọlé. Nígbà kan, à ń ṣe táyà níbí: Michelin wà ní Port Harcourt, Dunlop wà ní Ìkẹjà. Michelin dá iṣẹ́ táyà ṣíṣe dúró lọ́dún 2007, Dunlop ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2008. Láti ìgbà náà, ti òkèèrè ló gba ọjà, owó tuntun ò sì dẹ̀. Tálákà ló ń sá sídìí tòkúnbọ̀, mi ò lè bá a wí.

Ohun kejì tí bàbá fi hàn wá ló wá dẹ́rù bà mí jù. Ní ẹ̀gbẹ́ táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin máa ń wà níparí. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe táyà, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Lára táyà ọ̀hún, 3614 la rí: ọ̀sẹ̀ 36, ọdún 2014. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lójú wa níbẹ̀! Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sì máa ń kìlọ̀ pé ká má lo táyà kọjá ọdún 4 sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Rọ́bà ń gbó, yálà mọ́tò rìn tàbí kò rìn. Ẹ sì mọ̀ pé táyà bíbẹ́ kò mọ olówó: lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 2016, James Ocholi tó jẹ́ mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kú lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. FRSC ní táyà ló bẹ́, eré sì pọ̀.

Ìyá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Bùọ̀dá mi ṣì ń kùn pé mẹ́rin ju méjì lọ. Ìyá mi wá ní, “Tí mo bá ra iṣu gbígbẹ tí kò dáa, màá dà á nù. Tí mo bá ra táyà tí kò dáa, ta ni màá dà nù? Ìwọ ni, àbí àwọn èrò?” Ọ̀rọ̀ parí. Bùọ̀dá mi gbé táyà padà, ó gba fóònù rẹ̀. Tuntun méjì la rà. Iṣu gbígbẹ ọdún yẹn kò tó nǹkan, àtẹ ìyá mi sì fẹ́lẹ́ títí a fi mú ọyẹ́ jẹ.

Bí bàbá ṣe de táyà yẹn náà yẹ kẹ́ ẹ gbọ́. Kí a tó rà á, ó ní ká ka èyí tó wà lára táyà àtijọ́ àti lára ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Tiwa ni 175/60 R13 77H. 175 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, 60 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí fífẹ̀ náà nínú ọgọ́rùn-ún, 13 ni ríìmù, 77 ni ẹrù tó lè rù, ìyẹn kílò 412 fún táyà kan, H sì ni eré tó lè gbà. Ríìmù tí ihò nọ́ọ̀tì rẹ̀ kò bá ti mọ́tò mu, ẹ má fi ipá dè é.

Ó ha ìpẹtà kúrò lára ríìmù, ó fi fáàfù tuntun sí i, ó wo ọfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kó má bàa yí ojú rẹ̀ padà. Ẹ̀yìn ló fi tuntun méjèèjì sí. Bùọ̀dá mi ní iwájú lẹ́ńjìnnì ń fà. Bàbá ní bí iwájú bá yọ̀ nínú òjò, dírẹ́bà lè mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ kó dẹ eré. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, mọ́tò á ti yí po kó tó mọ̀. Ó fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì wọlé ná, ó wá fi sípánà fún wọn ní ìdojúkọ-ìdojúkọ, kì í ṣe lẹ́sẹẹsẹ. Ó ní kí bùọ̀dá mi padà wá fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i tó bá ti rin bíi kìlómítà 80. Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Àárọ̀ kùtù, kí táyà tó gbóná, ni ká fi géèjì wò ó. Àjọ tó tẹ̀ lé e la fi pààrọ̀ iwájú.

Ẹ̀yin ìyá mi tó ń wọ Micra lójoojúmọ́, ẹ̀tọ́ yín ni láti wo táyà kẹ́ ẹ tó wọlé. Ẹ wo inú ìlà rẹ̀, ẹ ó rí kókó kékeré. Bí ojú táyà bá ti jẹ dọ́gba pẹ̀lú kókó yẹn, ó ti tán. Ẹ wo àmì òkè olórí mẹ́ta. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin. Bí dírẹ́bà bá fajú ro, ẹ sọ̀kalẹ̀, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ sì má torí pé táyà dáa kẹ́ ẹ wá di ẹrù dé òrùlé o. Táyà ní sípíà, ẹ̀mí ò ní.