Sáyẹ́ǹsì Inú Fóònù àti ti Ìkòkò Aró

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú ewé yìí sọ ọ̀rọ̀ kan tí àwọn tíṣà sáyẹ́ǹsì inú ìjọ wa ní Ìgbèìn gbé wá síwájú wa. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a gbọ́ ìyẹn náà. Wọ́n ní àwọn ọmọ wa kan ń wọ yàrá ìdánwò WAEC láì tí ì fi ọwọ́ kan burette rí.

Ọ̀pá gíláàsì gígùn ni burette, ó ní ẹnu tí a ń ṣí tí a sì ń tì ní ìsàlẹ̀. Òun ni a fi ń kán ásíìdì sínú álíkálì díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ yóò fi yí padà. Ẹ̀kán kan ṣoṣo lè mú kí àwọ̀ náà kọjá ibi tí ó yẹ kí ó dúró. Ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí èsì rẹ̀ sì bára mu. Ọmọ tí iṣẹ́ náà kò bá mọ́ lára, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n.

Àwọn tíṣà yìí kò ká ọwọ́ gbera o. Ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin wa tí ó ń kọ́ni ní kẹ́mísírì yọ fóònù rẹ̀, ó sì fi ohun tí wọ́n ń pè ní PhET hàn wá. Carl Wieman, ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2001, ni ó dá a sílẹ̀ ní 2002 ní Yunifásítì Colorado ní Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ lè fi ìka so wáyà mọ́ bátìrì àti gílóòbù. Bí ó bá so ó lódì, iná yóò sọ lójú fóònù, kò sì ní jó ẹnikẹ́ni. Bí a bá ti gbà á sórí kọ̀ǹpútà, ó lè ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìyẹn wù wá púpọ̀, nítorí àpò ara wọn ni àwọn tíṣà ti ń yọ owó dátà.

Ṣùgbọ́n arábìnrin yìí kan náà ni ó wí fún wa pé, “Dádì, burette inú fóònù kì í jò, kì í sì í fọ́.”

Ibi tí ọwọ́ ọmọ kò bá ti mọ iṣẹ́ ni àwọn tí ń ta èsì ìdánwò ti ń jẹun. “Miracle centre” ni wọ́n ń pe ibi màgòmágó wọn. Ó ń dùn wá dé ọkàn pé inú ọ̀rọ̀ tiwa ni wọ́n ti lọ jí orúkọ fún olè jíjà.

Ìṣòro mìíràn ni ti èdè. Nínú físíìsì, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni force, energy àti power. Ní Yorùbá, agbára ni a sábà ń pe gbogbo wọn, àwa oníwàásù sì tún ti gbé agbára kan náà lọ sórí pẹpẹ! Bí tíṣà kò bá fara balẹ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀ ní èdè tí ọmọ gbọ́, ọmọ yóò kàn há wọn sórí bí ayékòótọ́. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní St. Stephen's “A”, Modákẹ́kẹ́, títí kan sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn rárá. Wọ́n tilẹ̀ ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí i pé kí á fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025 wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Lójú tiwa, ìyẹn kò bọ́gbọ́n mu.

Láàbù kan sì wà nítòsí tí a kò kà sí. Ẹ wo àwọn aláró ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe aró ẹ̀lú, álíkálì ni. Aṣọ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú ìkòkò aró kì í tí ì dúdú. Ó máa ń rí bí ewé tí ó fẹ́ pọ́n. Ìgbà tí oxygen inú afẹ́fẹ́ bá bà á ni yóò di aró lójú ẹni. Oxidation tí ìwé ń wí nìyẹn. Ọmọ Ìtòkú ń rí i lẹ́yìnkùlé, ó sì ń gba òdo nínú rẹ̀ ní kíláàsì. (Kọ́sítíìkì sódà ni ọ̀pọ̀ aláró ń lò báyìí, ó sì ń jẹ ara, kí àwọn ọmọ má ṣe fi ọwọ́ lásán kàn án.) Omi sóbò náà ń ṣiṣẹ́: ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, yóò pọ́n sí i, ẹ da omi eérú sí i, yóò yí sí àwọ̀ ewé. Arábìnrin wa ṣe é ní kíláàsì rẹ̀, ariwo àwọn ọmọ sì fẹ́rẹ̀ ká òrùlé.

Síbẹ̀ WAEC kì í fi sóbò ṣe ìdánwò. Gíláàsì ni a nílò, owó ni a sì fi ń rà á. Ní ìjọ tiwa, a yọ ọ́ nínú owó tí a fẹ́ fi ra láúdìspíkà tuntun. Burette mẹ́fà ni àwọn tíṣà bèèrè fún. Mẹ́rin ti dé, méjì ni ó kù. Láúdìspíkà àtijọ́ ṣì ń kùn.