Fóònù Olùkọ́ Nínú Kíláàsì Kéwú

 

Bí a bá ti dárúkọ ẹ̀rọ nínú ẹ̀kọ́, yàrá tí kọ̀ǹpútà kún fọ́fọ́ ni ọkàn ọ̀pọ̀ wa máa ń lọ sí. A ó ní kí owó kọ́kọ́ dé ná. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í dúró de owó kí ó tó dàgbà. Ìdí nìyí tí àwa olùkọ́ fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fóònù tí ó wà lápò wa. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èpo igi.

Ẹ̀rọ kì í ṣe àlejò nínú ẹ̀kọ́ kéwú. Wàláà àti tàdáwà tí àwọn baba wa lò, irinṣẹ́ ìgbà tiwọn ni. Ní ọdún 1961, wọ́n gba ohùn Sheikh Mahmud Khalil Al-Husary ará Íjíbítì sílẹ̀ bí ó ti ń ka Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Sheikh náà kú ní ọdún 1980, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì ń kọ́ni títí di òní.

Ohùn yìí ni a kọ́kọ́ mú wọ kíláàsì. Etí ọmọ Yorùbá kì í tètè mọ ìyàtọ̀ láàrin qāf àti kāf. Bẹ́ẹ̀, qalb ni ọkàn, kalb sì ni ajá! Olùkọ́ lè sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ yóò fi ha, kí ọmọ ṣì máa rò pé òun ti pè é dáadáa. Nísinsìnyí, a ó jẹ́ kí ọmọ gbọ́ Al-Husary, a ó gba ohùn ọmọ náà sínú fóònù, a ó sì jẹ́ kí ó gbọ́ tirẹ̀. Etí ara rẹ̀ ni yóò sọ fún un.

Ọ̀nà kejì ni pé kí a tó nu pátákó ìkọ̀wé, a ó ya àwòrán rẹ̀, a ó fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí lórí WhatsApp, pẹ̀lú ohùn olùkọ́ tí ó kà á. Òbí tí kò mọ kéwú rárá lè fi gbọ́ iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Ẹni tí kò ní irú fóònù bẹ́ẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ pàdánù: a ń rí i dájú pé ó da iṣẹ́ náà kọ sínú ìwé kí ó tó lọ sílé.

Ní ti iná àti owó íntánẹ́ẹ̀tì, alẹ́ ni a ti ń gba ohùn tí a nílò sínú fóònù, tí a sì ń fi iná sí i. Gbohùngbohùn kékeré oníbátìrì ń jẹ́ kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn gbọ́.

Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé fóònù a máa ba ọmọ jẹ́. Ẹ̀rù wọn tọ́. Nítorí náà, ọwọ́ olùkọ́ ni fóònù ń wà ní kíláàsì. Nílé, kí ó wà lọ́wọ́ òbí. Fóònù kò sì lè gba iṣẹ́ olùkọ́ ṣe. Kò mọ ọmọ tí ebi ń pa, kò sì mọ èyí tí ojú ń tì láti kàwé sókè.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálaalẹ́ lọ: ẹ jókòó ti ọmọ yín, kí ẹ jọ gbọ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.

Kí Allāhu fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wọ́n láǹfààní. Àmín.